Ìwé Kọ́ọ̀tù Kò Gba Bíbélì Lọ́wọ́ Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí àwọn kan nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin ná. Èrò wa ni pé ó yẹ kí òfin Nàìjíríà fàyè gba ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn láti ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin sọ báyìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ẹni tó bá ṣe é, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Àwọn méjì tó bá fi ìfẹ́ wọn hàn ní gbangba náà lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Wọn ò jalè, wọn ò lu ẹnikẹ́ni.

Èsì tí a máa ń gbọ́ jù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni pé, "Kò sí nínú àṣà Yorùbá." Ó dáa. Ṣé ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀ wà nínú àṣà Yorùbá? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e dé. Àwọn náà ló kọ ìjìyà fún ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin sínú ìwé òfin wa. Àwọn tó kọ ọ́ ti yí tiwọn padà: ní oṣù kẹta ọdún 2014 yẹn kan náà ni irú ìgbéyàwó yìí bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé wọ́n máa fipá mú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n oríṣi ìgbéyàwó mẹ́ta la ti ní tẹ́lẹ̀: ti ìbílẹ̀, yìgì, àti ti kọ́ọ̀tù. Ẹni tó so yìgì lè ní ìyàwó mẹ́rin. Ẹni tó ṣe ti kọ́ọ̀tù, tó tún lọ gbé ìyàwó mìíràn níyàwó, ti rú òfin. Àwọn méjèèjì ń gbé ládùúgbò kan náà, kò sí èyí tó fipá mú ìkejì. South Africa ti fàyè gba ìgbéyàwó tí à ń sọ yìí láti ọdún 2006, òfin wọn ò sì fipá mú pásítọ̀ kankan láti so wọ́n pọ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára ni ọ̀rẹ́ wa kan tó kàwé jáde níbí, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London. Ó ti fẹ́ obìnrin kan níbẹ̀ lábẹ́ òfin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n pè. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bàbá rẹ̀ kú ní Ìbàdàn. Òun nìkan ló wálé. Níbi ìsìnkú, àwọn àna ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ aṣọ ẹbí, wọ́n náwó, wọ́n bá wọn dárò. Ìyàwó tirẹ̀ wà lórí fóònù, ó sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ló ń pè. Lójú gbogbo ẹbí ni ìyá rẹ̀ ti gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún un lọ́kọ. Ó ṣe àmín.

Ohun tí ìwé kọ́ọ̀tù ń ṣe kò ju ìyẹn lọ: ó ń sọ ẹni tí wọ́n máa pè tí àìsàn bá dé, ẹni tó máa jogún, ẹni tó lè dúró ti òkú. Kì í ṣe ìbùkún pásítọ̀, kì í ṣe ti lèmọ́mù.

Bí ìgbéyàwó bá ṣì le jù lójú yín, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ìyókù ná: ẹni tó di ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ mú, tàbí tó ṣe ẹlẹ́rìí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò yẹ lẹ́wọ̀n. A lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.