Ìyá Aláró

Ìyá Aláró ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ní Òkè Màpó, nílùú Ìbàdàn, ni wọ́n ti ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọn kì í sì í ya ohun tí wọn kò tíì wò pẹ́. Bí wọ́n bá ti se ẹ̀kọ láfún tán, tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí i, wọn á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọn á mú ìyẹ́ adìyẹ lọ́wọ́, wọn á sì kọ́kọ́ jókòó. Ẹyẹlé ni wọ́n máa ń wò jù. Wọn á máa fi ìka ya bó ṣe ń wú ọrùn sínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ. Ìyẹ́ ọ̀hún pàápàá, èyí tó bá já fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ṣà. Wọn kì í fa ìyẹ́ lára adìyẹ.

Oníbàárà tó bá béèrè ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn á rí òpó Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929, á rí ṣíbí láàrin àwọn òpó, bí àwọn aláró yòókù ti ń yà á. Ṣùgbọ́n àyè tó bá ṣẹ́ kù, tiwọn ni: ológbò tó ń sùn, pẹ́pẹ́yẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, agẹmọ. Wọ́n ya adìyẹ kan sétí ìró ìyá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ká sókè. Oníbàárà kan rí i, ó ní ọwọ́ wọn ló yẹ̀. Wọ́n gbé adìyẹ náà fún un lágbàlá pé kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa.

Tí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú wa. Wọn á tún rì í, wọn á tún sá a, títí á fi dúdú. Ìgbà tí a bá ha ẹ̀kọ kúrò ni ológbò tó ń yọjú. Àwa ọmọdé máa ń jà sí i pé ta ni yóò ha á.

Àwọn ológbò tí wọ́n ń sìn ló kó ọ̀rọ̀ bá wọn. Opó ni wọ́n, wọn kò bímọ, ológbò sì ń sùn sí wọn lẹ́sẹ̀: ẹ mọ ohun tí aráyé máa ń sọ. Wọ́n sọ ọ́. Obìnrin kan kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ ilé wa mọ́. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí inú àwo wọn ni ọmọ náà ti ń jẹun tẹ́lẹ̀. Ìyá Aláró kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí àwọn àgbà ti máa ń fi orúkọ ajá fèsì, wọ́n sọ ajá wọn ní Jẹ́wọnówí, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń fi ohùn òkè pè é wálé.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹ̀bùn méjì ni wọ́n ní, ti ọwọ́ àti ti àánú. Èmi ò gbà. Sùúrù tí wọ́n fi ń rọ omi sẹ́nu ọmọ ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ kú, òun náà ni wọ́n fi ń fa ìlà tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ti kún ọjà báyìí, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ẹyẹ orí rẹ̀ kò tíì jẹ àgbàdo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n ṣaláìsí, obìnrin yẹn wá síbi ìsìnkú, iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Aláró ló sì ró. Inú mi dùn sí i. Lọ́jọ́ tí ẹbí jókòó lórí ìnáwó, bùrọ̀dá kan ní kí a kúkú fi òbúkọ Ìyá Aláró kún ẹran ọbẹ̀. Ìyá mi, tí kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, dìde dúró.

“Ẹ lọ ra màlúù. Ẹnikẹ́ni ò ní jẹ èyí.”

A ra màlúù. Òbúkọ náà bá wa lọ sílé, ìyá mi sì ń fún un ní èèpo iṣu láràárọ̀ títí ó fi gbó kú.