Orúkọ Ẹnì Kan, Gbèsè Gbogbo Ilé

Òwe kan wà tí a máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa: ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. A ní láti kọ́kọ́ ṣírò owó ẹyọ náà fún wọn, nítorí pé èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò. Ẹgbàafà jẹ́ 12 000, ẹgbẹ̀fà sì jẹ́ 1 200. Ẹni tí ó bá jẹ gbèsè ńlá tí kò san án, ìdámẹ́wàá rẹ̀ pàápàá kò ní rí yá mọ́. Àwọn ọmọ a rẹ́rìn-ín, wọn a sì kọ òwe náà sínú ìwé wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé inú agbo ilé tiwa ní Kétu, a rí i pé gbèsè tí ń dínà lè jẹ́ èyí tí a kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: owó iná àti owó omi tí a kàn jẹ́ kí ó pọ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ àròkọ yìí sí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́.

Kí a tó sọ ti òní, ẹ jẹ́ kí a rántí bí a ti ń gba gbèsè láyé àtijọ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé iṣẹ́ ológò. Ológò ni ẹni tí olówó máa ń rán lọ sí ilé onígbèsè tí ó kọ̀ tí kò san. Yóò wọlé, yóò jókòó, yóò máa pariwo, adìẹ tàbí ẹran tí ó bá sì rí nínú ọgbà, yóò mú un, yóò sè é jẹ. Ibẹ̀ ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà pé ènìyàn dógò ti ẹnì kan. Ẹni tí ó bá mọ bí agbo ilé ti rí yóò mọ̀ pé irú ariwo bẹ́ẹ̀ kò lè dúró sí yàrá ẹnì kan. Gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ọ, gbogbo ilé ni ojú yóò tì, gbogbo ilé ni yóò sì wá ọ̀nà tí àlejò náà yóò fi lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwọ̀fà: baba a yá owó, ọmọ tàbí àbúrò a sì lọ máa sin olówó títí a ó fi san án. Ìyà ńlá ni, ó sì dára bí ó ti dópin. Ṣùgbọ́n ohun kan hàn nínú rẹ̀: gbèsè ẹnì kan a máa di ti gbogbo ilé.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Gbèsè gbogbo ilé ni ó ń di ti ẹnì kan. Láti 2016, ní àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí wọ́n jọ ń ná owó CFA ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Benin àti Togo wà lára wọn, ilé-iṣẹ́ kan wà tí a ń pè ní Bureau d'information sur le crédit, BIC ní kúkúrú. Abidjan ni ibùjókòó rẹ̀, BCEAO, báǹkì àgbà àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí, ni ó sì ń ṣe àbójútó rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìròyìn jọ nípa bí olúkúlùkù ti ń san owó tí ó jẹ. Àwọn báǹkì àti àwọn ilé ìyánilówó kéékèèké ní í máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí i, òfin sì tún ka àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ta iná, omi àti tẹlifóònù fún wa mọ́ wọn. Nígbà tí ènìyàn bá lọ yá owó, ẹni tí yóò yá a lè béèrè ìròyìn rẹ̀ kí ó tó dá a lóhùn.

Ó yẹ kí a mọ ohun mẹ́ta nípa rẹ̀, kí a má baà máa bẹ̀rù ohun tí kò sí. Èkíní, òfin tí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ìròyìn ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Èkejì, owó tí a san ní àsìkò wọ inú ìròyìn náà gẹ́gẹ́ bí owó tí a kò san ti ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta, BIC kọ́ ni ó ń sọ pé kí a yá ènìyàn lówó tàbí kí a má yá a. Báǹkì fúnra rẹ̀ ni ó ń pinnu.

Ilé wa ní Kétu jẹ́ ilé baba ńlá wa. Yàrá mẹ́sàn-án ni ó ní, ìdílé márùn-ún ni ó ń gbé inú rẹ̀, ẹ̀rọ òǹkà iná kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ iná sì fi sára ògiri rẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ni ó wà lórí ìwé owó iná, nítorí pé àwọn ni wọ́n lọ fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ tí iná wọ ilé. Ìdílé kọ̀ọ̀kan wá ra décompteur tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé, kí a lè mọ ohun tí kálukú jó. Ní ìparí oṣù, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ a ka nọ́ńbà, a pín owó, a sì gbà á kiri yàrá.

Ọdún kan dé tí àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní gílóòbù méjì ní òun kò ní fi kọ́bọ̀ kún owó ẹni tí ó ní ẹ̀rọ amómitutù. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ amómitutù dáhùn pé ta ni kò mu nínú omi tútù òun rí láìsanwó. Ẹni kẹta ti lọ sí Kútọnu, ó ti yàrá rẹ̀ pa, ó sì ní òun kò sí nílé. Oṣù mẹ́rin kọjá, gbèsè di 187 400 fáráǹkì, wọ́n sì wá gé iná. A tan fìtílà, a sì rò pé ìyà náà kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Àgbà ń ṣòwò àgbàdo. Nígbà ìkórè àkọ́kọ́, wọn a yá owó ní ilé ìyánilówó kan, wọn a ra àgbàdo nígbà tí ó wọ́pọ̀, wọn a tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi wọ́n, wọn a tà á, wọn a sì dá owó padà. Ọdún méje ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ní ọdún tí à ń wí yìí, wọ́n gbọ́ níbẹ̀ pé gbèsè iná wà lórúkọ wọn, kí wọ́n lọ san án ná. Nígbà tí wọ́n dé ilé, wọn kò pariwo. Wọ́n jókòó sórí àga gbọọrọ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pe gbogbo wa, wọ́n sì bi wá pé: «Ẹ̀yin ọmọ mi, gílóòbù kan ni mo ní, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo sì ń pa á. Èwo nínú iná yìí ni mo jó?» Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Ìkórè kọjá lọ́dún náà, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ra àgbàdo.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kan àbúrò wa obìnrin, tí ó ń gbé inú ilé kan náà. Kò fi ìgbà kan rí jẹ owó iná tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ó rí iṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, wọ́n sì ní kí ó lọ ṣí àkáǹtì kí owó oṣù rẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Láti 2014, BCEAO ti pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì má gba owó fún ṣíṣí àkáǹtì, nítorí náà owó kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Báǹkì béèrè ìwé ìdánimọ̀, ó sì béèrè ẹ̀rí ibi tí ó ń gbé, pàápàá ìwé owó iná tàbí ti omi tí kò tíì pẹ́. Ìwé tí ó mú lọ kò ní orúkọ rẹ̀ lára. Wọ́n ní kí ó lọ wá òmíràn. Ó padà sí Kétu láti gba ìwé ẹ̀rí ibùgbé, ọjọ́ sì ń lọ, owó oṣù àkọ́kọ́ sì ń dúró dè é.

Nígbà tí a wo ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ni ó tó yé wa. Ẹni tí kò jó iná ni ó ń ru gbèsè rẹ̀. Ẹni tí ó san owó iná kò sì ní ohun tí yóò fi hàn pé òun san án. Àgbà ni wọ́n fi gba orúkọ ilé sórí, láti fi ọlá fún wọn, a kò sì rò ó pé ẹrù ni. Ológò àtijọ́ a máa yọ gbogbo ilé lẹ́nu, nítorí náà gbogbo ilé a máa tètè wá nǹkan ṣe. Ìwé tòní kì í pariwo. Orúkọ kan ni ó mọ̀, kò mọ agbo ilé.

A ṣe ìpàdé ní ọjọ́ Àìkú kan, tọkùnrin tobìnrin, a sì pe ẹni tí ó wà ní Kútọnu lórí tẹlifóònù. Méjì nínú wa tẹ̀lé Bàbá Àgbà lọ sí ilé-iṣẹ́ iná láti bẹ̀bẹ̀ kí a san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbà kí a san án lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ amómitutù san èyí tí ó pọ̀ jù, kò sì jiyàn mọ́. A ra ìwé kan tí a ń kọ owó tí kálukú san sí, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé rẹ̀. A sì béèrè fún ẹ̀rọ òǹkà tí a ń fi owó sí kí iná tó tàn, kí gbèsè má baà lè pọ̀ sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí a san tán, a gba ìwé ẹ̀rí pé kò sí gbèsè mọ́, a mú un lọ sí ilé ìyánilówó náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a lọ kí ó tó yanjú. Bàbá Àgbà rí owó yá nígbà ìkórè kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ti tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan sọ fún wa pé ọ̀nà àbáyọ ni kí ènìyàn má fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ṣòro láti yá lówó. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí ní báǹkì. Ohun tí ó ṣàǹfààní jù ni kí a ka ìwé kí a tó fọwọ́ sí i, kí a sì mọ̀ pé òfin fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí BIC kọ nípa rẹ̀, àti láti ní kí wọ́n tún un ṣe bí ó bá jẹ́ àṣìṣe. Ẹni tí kò bá mọ èdè Faransé kà, kí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kà á fún un. Àǹfààní kan nìyí nínú ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nígbà tí ìwé owó iná tàbí owó omi bá tún dé ilé yín, ẹ wo orúkọ tí ó wà lókè rẹ̀ kí ẹ tó wo iye owó. Bí ó bá jẹ́ orúkọ olóògbé, ẹ lọ yí i padà. Bí ó bá jẹ́ ti àgbà kan tí ó ti rẹ̀, ẹ rí i dájú pé owó yín dé ọwọ́ wọn kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí pé ẹ san án. Àwọn àgbà ti gbé orúkọ wọn sílẹ̀ fún wa kí ilé lè ní ìmọ́lẹ̀. Kò yẹ kí àwa tí à ń jó iná náà jẹ́ kí orúkọ wọn wà nínú òkùnkùn.