Ìsọ̀yè Inú Ìgò

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti mọ iyì ìrántí. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìsọ̀yè fún ẹni tí ń kọ́ Ifá, kí ohun tí ó bá gbọ́ má baà fò lọ́kàn rẹ̀. Láyé òde òní, inú ìgò ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ìsọ̀yè tiwọn sí, fítámínì ni wọ́n sì ń pè é.

Ọ̀kan nínú irú wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wà ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Adìyẹ ni ìyá rẹ̀ ń tà. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá ta àgbébọ̀ mẹ́ta, ó sì fi owó wọn ránṣẹ́ pé kí ọmọ máa fi jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ ti gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ń ta oògùn pé bí ènìyàn bá ń lo hóró kan báyìí, bí ó bá ka ìwé lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbàgbé mọ́. Ó fi owó oúnjẹ ra ìgò méjì.

Láti ọjọ́ náà, gààrí ni ó ń mu láàárọ̀, òun náà ni ó ń mu lálẹ́. Lóru, yóò ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù nínú abọ́, yóò máa jẹ obì, yóò sì máa kàwé títí àkùkọ yóò fi kọ. Nígbà tí ó rí i pé ìtọ̀ òun pọ́n rúsúrúsú, inú rẹ̀ dùn. Ó ní oògùn ti ń jẹ́.

Ìbéèrè kìíní nínú ìdánwò dá lórí oríkì orílẹ̀, ohun tí ó kà mọ́jú ọjọ́ náà gan-an. Ó rántí ojú-ìwé náà, ó rántí ibi tí epo ta sí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti fò lọ. Orí rẹ̀ ń gbóná, ojú rẹ̀ ń ṣú. Nígbà tí agogo lù, orúkọ rẹ̀ àti ìlà mẹ́fà péré ni ó wà lórí ìwé.

Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ní ọdún 1960 ni Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ, ti kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tí irú àárẹ̀ orí bẹ́ẹ̀ ń bá jà.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ni ó là á lóye. Ó ní: "Fítámínì B tí ó ṣẹ́kù sí ara rẹ ni ó pọn ìtọ̀ rẹ. Owó ìyá rẹ ni o ń tọ̀ dànù, ọmọ mi." Ó kìlọ̀ fún un pé ti fítámínì A tún yàtọ̀: inú ẹ̀dọ̀ ni ó ń kó jọ sí, bí ó bá sì pọ̀ jù, a máa ṣe ara léṣe.

Òótọ́ ni pé fítámínì ń ṣiṣẹ́. Ní erékùṣù Java, ní nǹkan bí ọdún 1890, Christiaan Eijkman rí i pé ẹsẹ̀ àwọn adìyẹ tí ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n ti bó mọ́ tónítóní rọ. Nígbà tí wọ́n jẹ èyí tí èèpo inú rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ara wọn tún le. Nǹkan tí ó wà nínú èèpo yẹn ni wọ́n wá mọ̀ sí fítámínì B1. Ṣùgbọ́n àìní ni ó wò sàn. Kò sọ adìyẹ tí ara rẹ̀ dá di àṣá. Ẹni tí fítámínì bá dín lára rẹ̀ ní tòótọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó lọ fún àyẹ̀wò.

Bákan náà, ìrántí kì í ṣe ohun òru kan. Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, fi ara rẹ̀ dán an wò, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1885 pé kíákíá ni ènìyàn ń gbàgbé ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, àti pé àkàtúnkà tí ó pín sí ọjọ́ púpọ̀ lérè ju àkàpọ̀ ọjọ́ kan lọ. Ojú oorun sì ni ọpọlọ ti ń to ohun tí ó kọ́ lọ́sàn-án sí àyè rẹ̀. Àwọn babaláwo mọ iṣẹ́ yìí: ọmọ awo tí ó lo ìsọ̀yè kò tìtorí rẹ̀ ṣíwọ́ kíké ẹsẹ Ifá níwájú ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà ìsinmi, ọmọ náà jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ìyá mi. Oògùn ni mo fi owó adìyẹ yín rà." Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní: "Ọkọ mi, ṣé ọjọ́ ọjà ni o rí mi tí mo ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ adìyẹ tí mo fẹ́ tà?"

Nígbà tí yóò tún ìdánwò náà ṣe, ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́ àti wàrà ni ó fi owó rẹ̀ rà. Ó ń sùn ní àsùnyó. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kàwé lójoojúmọ́, yóò sì ké ohun tí ó kà sí etí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Nígbà tí èsì jáde, ó yege. Ìgò kejì wà lórí tábìlì rẹ̀ láìṣí, títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára fi kọjá.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Oúnjẹ, oorun àti àkàtúnkà ni ìsọ̀yè akẹ́kọ̀ọ́.