Omi Kan, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń sọ̀rọ̀ eku. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ nípa àrùn ló sọ ọ́ fún mi, kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Ìdílé eku kan wà ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ C3H/HeJ. Kí ọdún 1970 tó dé ni àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé oró tó wà lára èèpo bakitéríà kan, tó ń pa eku yòókù, kì í ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ óò ní eku oríire ni. Àmọ́ bí Salmonella díẹ̀, iye tí eku mìíràn lè yè, bá wọ ara rẹ̀, ó ti kú nìyẹn.

Ní ọdún 1998 ni Bruce Beutler àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Dallas rí ìdí rẹ̀. Ọdẹ àdúgbò kan wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì wa, TLR4 ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá ti gbóòórùn èèpo bakitéríà, yóò fọn fèrè pe àwọn yòókù. Nínú eku wọ̀nyí, ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú jíìnì rẹ̀. Ọdẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, fèrè rẹ̀ ni kò dún. Ariwo àwọn ọdẹ gan-an ló ń pa eku yòókù nígbà tí oró bá pọ̀; níbi tí kò sí ariwo, olè ráyè. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún Beutler ní ọdún 2011.

Ènìyàn náà ńkọ́? Lẹ́yìn ìpàtẹ òdòdó ọdún 1999 ní Bovenkarspel ní ilẹ̀ Netherlands, Legionella dá àwọn kan dùbúlẹ̀, ó fi àwọn mìíràn sílẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2003 fi hàn pé jíìnì TLR5 tó gé kúrú pọ̀ jù lára àwọn tó ṣàìsàn.

Kànga kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń mu nílé. Táífọ́ọ̀dù mú un títí ìfun rẹ̀ fi lu. Orí lásán kò fọ́ mi. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ọwọ́ ayé, kí ló dé tí kò mú èkejì? Ìyá wa kékeré ni wọ́n nàka sí, títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, n kò sì ní búra pé jíìnì ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn nìkan ni ẹ̀rí tí wọ́n ní, ó sì ní ìdáhùn tí kò kan ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo lọ kí i lọ́dún tó kọjá, mo sọ ọ̀rọ̀ eku náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ṣé ìyá àwọn eku yẹn ní orogún ni?