Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀. Fọ́tò ni ó máa ń fi rí i. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, àti àṣìṣe tó kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Lẹ́bàá Pen Cinema ní Agége ni mo ti kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìnáwó òkú àgbà ni à ń yà, pẹ̀lú fọ́tò pélébé fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó wà láti Ọ̀gbà dé òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi ní: “Tún un ṣe kí o tó yà á.” Bí gèlè bá wọ́, ká tún un wé. Bí àga bá dọ̀tí, ká nù ún. Ẹwà ni oníbàárà ń sanwó fún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2013, ọlọ́pàá kan wọlé. Àwọn olè ti fọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan, wọ́n sì ti pa bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Àgọ́ wọn kò ní kámẹ́rà, ọ̀gá mi sì ti lọ sóde, ni mo bá tẹ̀ lé e. Bàbá náà wà nílẹ̀ lẹ́bàá géètì. Fìlà wọn ti bọ́. Tọ́ọ̀ṣì wọn wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí wọn, ó ṣì ń tàn. Àánú ṣe mí. Mo gbé fìlà lé wọn láyà, mo pa tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ wọn, mo wá yà á. Mo rò pé mo bọ̀wọ̀ fún òkú ni.

Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, ẹlẹ́rìí kan ní ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì tó bọ́ sílẹ̀ ni òun fi rí ojú ẹni tó sá lọ. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ na fọ́tò mi sókè. Ó ní, “Tọ́ọ̀ṣì nìyí, pípa ló wà. Ṣé bí o ṣe bá a nìyí?” Mo ní rárá. Ara mi ń gbọ̀n. Adájọ́ ní ẹ̀rí náà kò dúró, ó sì dá ọkùnrin náà sílẹ̀. Bóyá òun ló ṣe é, bóyá òun kọ́. Fọ́tò tó yẹ kó sọ fún wa, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá tó jẹ́ opó bàbá náà wò mí, wọn kò sọ̀rọ̀. N kò gbàgbé ojú yẹn títí di òní.

Láti ìgbà náà ni mo ti tún iṣẹ́ náà kọ́. Mo kà nípa Alphonse Bertillon, tó bá àwọn ọlọ́pàá Paris ṣiṣẹ́ ní ohun tó lé ní 100 ọdún sẹ́yìn. Ó ń gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ gíga láti wo òkú láti òkè, ó sì ń lẹ fọ́tò mọ́ ìwé tí òṣùwọ̀n wà létí rẹ̀, kí a lè mọ bí nǹkan ṣe jìnnà síra.

Ní tèmi, mo kọ́kọ́ ń yà á láti òkèèrè, láti igun gbogbo, kí ilẹ̀kùn àti ògiri hàn. Lẹ́yìn náà, mo ń súnmọ́ ọn, kí a lè rí ibi tí tọ́ọ̀ṣì wà sí géètì. Níkẹyìn, mo ń yà á ní tòsí, lẹ́ẹ̀kan láìsí rúlà, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú rúlà. Bó bá jẹ́ ipasẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, kí òjìji lè fi jíjìn rẹ̀ hàn. N kì í pa fọ́tò kankan rẹ́, ì báà ṣókùnkùn. Láyé fíìmù, nẹ́gátíìfù ni kóòtù máa ń bèèrè. Láti ìgbà tí Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ti dé, abala 84 ń bèèrè ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀rọ tó gbé àwòrán jáde ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ má ṣe tún un ṣe kí ẹ tó gbà á. Bí ẹ bá ṣe bá a ni kí ẹ fi í hàn.