Máṣíìnì Mẹ́ta Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹni tó bá wọ mọ́tò n'Íbàdàn, tó sùn lọ, tó wá jí ní Adó-Èkìtì, kò lè sọ pé òun gba Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kọjá. Mọ́tò ló gbé e kọjá. Orí máṣíìnì lèèyàn ti ń mọ̀ pé ilẹ̀ ń dìde lábẹ́ òun. Ohùn ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ yí padà, atẹ́gùn á tutù sí i, ẹni tó wà lẹ́yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Àwa márùn-ún la lọ, lórí máṣíìnì mẹ́ta. Bajaj Boxer ni méjì, ẹ̀kẹta ti pẹ́ débi pé orúkọ ti pa rẹ́ lára táǹkì rẹ̀. Iléèwé girama n'Íbàdàn ló pa wá pọ̀. Ọ̀kan nínú wa ń ṣe mẹkáníìkì, ọ̀kan ń ṣe tíṣà, ọ̀kan ń tún fóònù ṣe, ọ̀kan ṣì ń wá iṣẹ́. Ẹnì karùn-ún ń lọ sí Kánádà. Físà rẹ̀ ti jáde, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó wọ bàálù. Ọmọ Òkèmẹ̀sí ni bàbá rẹ̀, ìyá bàbá rẹ̀ ṣì ń gbé níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ dágbére fún màmá. A ní kò lè dá lọ, gbogbo wa la jọ ń lọ. Mẹkáníìkì wa ló ní ká má wulẹ̀ wá mọ́tò, pé òun ti yí ọ́ìlì àwọn máṣíìnì náà.

Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù October la gbéra, nígbà tí òjò ti ń dẹwọ́. Òfin kan ṣoṣo la ṣe: ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣú bá wa lójú ọ̀nà. Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. A jẹ àkàrà àti búrẹ́dì ní Ifẹ̀, a ra epo n'Íléṣà, a sì kérora sí owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Ìrìn tó lé ní 100 kìlómítà nìyẹn, àmọ́ kò sí nǹkan púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀ ju pé ìdí ń dùn wá.

Ìwàràjà ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Apá kan lọ sí Àkúrẹ́, òun ló gba Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kọjá, níbi tí omi Ọlúmirìn ti ń já wálẹ̀ lára àpáta. Apá kejì dojú kọ Ẹ̀fọ̀n. Èyí la gbà, kò sì pẹ́ tí òkè fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí ní ọ̀tún àti òsì, tí igbó bò wọ́n látòkè délẹ̀. Ọ̀nà ń lọ́ bí ejò. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gun òkè náà pẹ̀lú ìrora, èéfín wọn ń bọ̀ lójú wa, a ò sì lè yà wọ́n sílẹ̀ nítorí a ò rí ohun tó ń bọ̀ níwájú.

Ògbólógbòó máṣíìnì wa ló kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ó bọ́ sí jíà kejì, ó bọ́ sí jíà kìíní, ó ṣe bíi pé ó fẹ́ kú. Tíṣà tó wà lẹ́yìn ní láti sọ̀kalẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn. Níbi tó ti ń mí gúlegúle, ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná kọjá lára rẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," ó sì bá tiẹ̀ lọ. A rẹ́rìn-ín títí tí a fi ní láti dúró.

Ibi tí a dúró sí yẹn ni ọ̀rẹ́ wa ti sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí òkúta lẹ́bàá títì, ó ń wo àfonífojì tí kùrukùru ṣì bò nísàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́, mi ò tíì sọ fún màmá o. Wọ́n rò pé mò kàn ń bọ̀ wá kí wọn ni." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Màmá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹni tó bá ń lọ sí Kánádà kì í mọ ọdún tí òun máa padà wá, ẹni tó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún kì í ka ọdún bíi tiwa.

Lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n, ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìtawúre, ibi tí a ti máa yà sí Òkèmẹ̀sí. Ẹni tí kò bá gun máṣíìnì rí lè rò pé ìsinmi ni. Rárá o. Mẹkáníìkì wa dá wa dúró, ó ní jíà tí èèyàn bá lè fi gun òkè ni kó fi sọ̀ ọ́. Bí ẹ bá yọ jíà kúrò, tí ẹ fi gbogbo ara lé bíréèkì, bíréèkì á gbóná, kò sì ní mú mọ́ nígbà tí ẹ nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ dì yín mú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rọra sọ̀ ọ́, tí ẹ́ńjìnnì ń kùn, títí a fi dé ìsàlẹ̀.

Màmá ń dúró dè wá níwájú ilé. A dọ̀bálẹ̀, wọ́n súre fún wa. Èdè Èkìtì ni wọ́n ń sọ, ilé ni "ulé", iṣu ni "uṣu", ọmọọmọ wọn sì ń túmọ̀ ibi tó bá le. Wọ́n béèrè ìlú kálukú wa. A ní Ìbàdàn. Màmá pàtẹ́wọ́: "Háà, ọmọ Látòósà! Ẹ tún ti dé? Tòní, iyán lẹ wá jẹ."

Ọ̀rọ̀ àwàdà ni, àmọ́ ó nítumọ̀. Ìlú yìí ni Fábùnmi ti pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ìwà rẹ̀ ti sú wọn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀, Ògèdèǹgbé ṣáájú wọn, wọ́n sì bá Ìbàdàn jagun láti 1877. Láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni àwọn ọmọ ogun dó sí. Ìró àgbá tó ń dún láàárín òkè ló sọ ogun náà ní Kírìjì. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní September 23, 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí ibùdó ogun tó tú. Ní kíláàsì, ọdún tí a há sórí lásán ni gbogbo èyí. Ìbàdàn náà ní òkè o, ṣé kò sí Òkè Màpó ni? Àmọ́ nígbà tí a wo òkè tó yí Òkèmẹ̀sí ká, ó yé wa pé ẹni tó bá fẹ́ kó ogun wọ ibẹ̀, àpáta ni yóò kọ́kọ́ bá jà.

Lórí iyán ni ọ̀rẹ́ wa ti sọ ọ́. Màmá dákẹ́. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n béèrè pé, "Ibẹ̀ yẹn, ṣé òkè wà níbẹ̀?" Winnipeg ló ń lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní kò sí òkè, màmá.

"Kí lo máa wá fi mọ̀ pé o ti ń súnmọ́ ulé?"

Kò rí èsì fọ̀. Àwa náà kò rí. Màmá bu iyán kún tiẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, màmá wọ aṣọ àti gèlè wọn, wọ́n jáde, wọ́n ní kó fi máṣíìnì gbé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. A rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Wọn ò ṣeré. Ó gbé wọn sẹ́yìn, wọ́n di ìbàdí rẹ̀ mú, ó sì fi jíà kìíní lọ látilé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa mẹ́rin ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wọn. Àwọn ará àdúgbò ń jáde wá wòran, màmá sì ń juwọ́ sí wọn bí ìyàwó tuntun.

Ó ti lọ báyìí. Ó máa ń pè wá lálẹ́, ó ní òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wa ni Boxer rẹ̀ wà, a ò jẹ́ kó tà á. Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, àwa mẹ́rin tún gbé e gba Ẹ̀fọ̀n kọjá, nítorí màmá ti ránṣẹ́ pé àwọn ò tíì rí ẹni gbé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.