Olùkọ́ Eré Bọ́ọ̀lù kan láti Mòdákẹ́kẹ́

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìbàdàn wọ Ilé-Ifẹ̀, tí ó sì ti kọjá ẹnu-ọ̀nà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Mayfair. Èrò a máa pọ̀ níbẹ̀ púpọ̀: ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, oníṣòwò, awakọ̀ àti ọlọ́kadà. Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà bá pàdánù, gbogbo wọn ni í di olùkọ́ eré bọ́ọ̀lù. Èyí yóò ní lágbájá ni ìbá wọlé. Òmíràn yóò ní tàmẹ̀dò kò tilẹ̀ yẹ ní ẹni tí a ń mú lọ. Ẹnu gbogbo ayé gbà á láti ṣe ìdájọ́ olùkọ́ eré. Ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ibẹ̀, ní Mòdákẹ́kẹ́, ni a ti bí ọkùnrin kan tí ó gbé ẹrù iṣẹ́ náà lórí ara rẹ̀ nígbà méjì. Olóyè Adégbóyè Onígbìndé ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1938 ni a bí i.

Iṣẹ́ olùkọ́ eré jẹ́ iṣẹ́ kan tí ó ṣàjèjì. Ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n ni a ń gbé sí èjìká jó. Aṣọ́lé tí ó bá mú bọ́ọ̀lù ni a ń fi orin kí. Ní ti olùkọ́, ẹ̀gbẹ́ pápá ni ó ń dúró sí. Láti ìgbà tí adájọ́ bá ti fun fèrè títí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú yóò fi pé, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ohun tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé ni gbogbo agbára rẹ̀. Bí wọ́n bá borí, àwọn ni ó borí. Bí wọ́n bá pàdánù, òun ni ó pàdánù.

Ní ayé ìgbà kan, ọwọ́ àwọn àlejò ni a sábà máa ń fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà sí. Ọmọ ilẹ̀ Yugoslavia kan tí àwọn ènìyàn ń pè ní Father Tiko kọ́ wọn fún ọdún bí i mélòó kan. Otto Glória, ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì, ni ó sì darí wọn nígbà tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Èkó, ní ọdún 1980. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ sí Líbíyà ní ọdún 1982, wọn kò la ìpele àkọ́kọ́ kọjá. Lẹ́yìn èyí ni a fi ẹgbẹ́ náà lé Onígbìndé lọ́wọ́. Àwọn kan ṣe iyè méjì: ǹjẹ́ ọmọ ilé lè ṣe ohun tí àlejò kò rí ṣe mọ́?

Ní oṣù Kẹta ọdún 1984, ó kó wọn lọ sí ilẹ̀ Ivory Coast. Àwọn ọ̀dọ́ kún inú wọn, tí àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Mexico dé ní ọdún 1983. Stephen Keshi wà níbẹ̀, Peter Rufai ń ṣọ́ ilé, Rashidi Yekini sì jẹ́ ọmọdé nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n na Gánà ní 2 sí 1, wọ́n sì ta ọ̀mì pẹ̀lú Màláwì àti Àlùjíríà. Nígbà tí wọ́n kan Íjíbítì, góòlù méjì ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Àwọn tí ó ń gbọ́ ọ lórí rédíò ti ní ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò sọ ìrètí nù. Wọ́n san méjèèjì padà, wọ́n sì fi pẹ́nárítì borí ní 8 sí 7. Ajá tí ó wọ ilé ẹkùn tí ó sì jáde, ó yẹ kí a kí i kú ewu.

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ni àṣekágbá, ní Abidjan, pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Múdà Lawal ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, inú gbogbo ọmọ Nàìjíríà sì dùn. Ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù dá a padà, wọ́n sì fi 3 sí 1 gba ife náà lọ. Fàdákà ni Nàìjíríà mú bọ̀ wá sílé. Onígbìndé ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó darí ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ìdíje yìí. Síbẹ̀, ife tí a kò gbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ aráyé rí: wọn a máa ka àtẹ̀gùn kan tí ó kù, wọn kì í ka ogún tí a ti gùn.

Ọdún méjìdínlógún kọjá. Ní ọdún 2002, a yọ olùkọ́ tí ó wà níbẹ̀, a sì tún ké sí Onígbìndé, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nígbà náà. Oṣù díẹ̀ péré ni ó kù kí ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ó bẹ̀rẹ̀. Ó fi àwọn gbajúmọ̀ kan sílẹ̀, ó sì mú àwọn ọ̀dọ́ lọ. Ariwo sọ. Ní Jàpáánì, Ajẹntínà nà wọ́n ní 1 sí 0, Súwídìn sì nà wọ́n ní 2 sí 1. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ta ọ̀mì láìsí góòlù kankan. Ní ọjọ́ náà, ọ̀dọ́ kan tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ ni ó ṣọ́ ilé. Vincent Enyeama ni orúkọ rẹ̀. Nàìjíríà ni ó kẹ́yìn nínú ìsọ̀rí wọn, wọ́n sì padà wálé.

Bí a bá fi ife nìkan wọn iṣẹ́ ọkùnrin yìí, a ó ní kò rí nǹkan kan mú bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Keshi, Rufai àti Yekini tí wọ́n pàdánù ní Abidjan wà nínú àwọn tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunisia ní ọdún 1994. Ní ọdún kan náà, Yekini ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. Nígbà tí ó di ọdún 2013, Nàìjíríà tún gba ife náà ní South Africa. Ta ni olùkọ́ wọn? Stephen Keshi, ọmọ ẹgbẹ́ ọdún 1984. Ta ni aṣọ́lé wọn? Vincent Enyeama, ọ̀dọ́ ọdún 2002. Ọmọ ilé, ẹni tí a ti ṣe iyè méjì nípa irú rẹ̀ rí, ni ó darí wọn dé orí òkè.

A kò lè sọ pé Onígbìndé nìkan ni ó gbin igi yìí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ mìíràn, ọmọ ilé àti àlejò, ni ó bomi rin ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sì fi mọ sí orí pápá: ó di ẹni tí àjọ FIFA àti CAF ń rán láti kọ́ àwọn olùkọ́ eré ní iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tí ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè jẹ ẹ́ láìpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbin obì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò ká a. Olùkọ́ tòótọ́ a máa gbin obì. Nígbà tí ẹ bá sì gbọ́ tí àwọn òǹwòran ń bú ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú àwọn ọmọ tí ó ń tọ́, kí ẹ tó bèèrè iye ife tí ó gbà.